Ṣé A Lè Gbin Igi Kọ́ọ̀kì Fún Owó Ní Àkúrẹ́?

Ìbéèrè: Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀nà Ìdànrè. Ẹnì kan ń ta ọmọ igi kọ́ọ̀kì (igi tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ dí ìgò wáìnì) fún wa, ó ní tí ó bá pé ọdún 5 a ó máa bó èèpo rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí pé èèpo bíbó kì í pa igi. Báwo ni kí n ṣe gbìn ín? – Àgbẹ̀ kan, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ gbígbìn sílẹ̀ ná, nítorí ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé èèpo bíbó kì í pa igi. Ó ń pa á. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà dé gbòǹgbò. Bí ẹ bá bó o yípo títí ó fi kan igi funfun, ebi ni yóò pa gbòǹgbò náà, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀gánwó tí àwọn tí ń wá èèpo àgbo ń bó kiri nínú igbó wa. Igi kọ́ọ̀kì yàtọ̀ nítorí pé òkú èèpo òde nìkan ni wọ́n ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Èèpo tútù kù sí abẹ́ rẹ̀, inú èyí sì ni phellogen tuntun, ìyẹn ìpele tí ń hu kọ́ọ̀kì, ti ń yọ. Bí àáké bá gé èèpo tútù yìí, ojú ibẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú nìkan ni wọ́n ń gbé e fún ní Pọ́túgàl.

Ti ọdún 5 yẹn, irọ́ ni. Igi náà yóò tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o rárá, òfin Pọ́túgàl sì ní kí ó tó ọdún 9 kí wọ́n tó padà sí i. Ìgbà kẹta, nígbà tí igi ti lé ní ọdún 40, ni èèpo rẹ̀ tó dára fún dídí ìgò wáìnì.

Ní Pọ́túgàl, Spéìn àti Mòrókò tí ó ti ń hù, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, ìgbà ooru a sì gbẹ. Ní Àkúrẹ́, òjò àti ooru jọ ń rìn ni, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ kì í fara da omi dídúró. N kò sọ pé kò lè hù; n kò sì tíì rí ilẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ẹyọ kan wò, ilẹ̀ oníyanrìn tí omi ń tètè fà ni kí ẹ lò, kí èso rẹ̀ sì jẹ́ tútù, nítorí èyí tí ó bá gbẹ kì í hù mọ́. Ṣùgbọ́n bí owó ni ẹ ń wá, ẹ gbin tíìkì tàbí mẹ̀láínà, kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ́ kí onímọ̀ igbó kan wo ilẹ̀ náà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ń ta ọmọ igi yìí, ẹ ní kí ó mú yín lọ wo ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ti bó èèpo rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.