Ayafọ́tò, tẹ káàdì, ṣùgbọ́n mọ ẹni tí o máa fún

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní Adó-Èkìtì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ pé ayé ti kọjá bísínẹ́ẹ̀sì káàdì, pé Instagram àti WhatsApp ti tó. O wá ń béèrè bóyá kí o tẹ káàdì, àti ibi tó yẹ kí o gbé e lọ. Ìdáhùn mi ni pé kí o tẹ̀ ẹ́. Tẹ ìwọ̀nba, tẹ̀ ẹ́ kó dára, kí o sì mọ ẹni tí o máa fún. Ọ̀rọ̀ ẹni tí o máa fún yìí ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ti ń fi owó ṣòfò.

Tí a bá dé òde ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń pín káàdì láti tábìlì dé tábìlì bí ẹni ń pín ìwé ìpolongo ìbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ á ti gbá a pọ̀ mọ́ ike omi. Ẹni tó wá bá wọn jẹun kò wá ayafọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ìgbà tí ọmọ tirẹ̀ bá sì fẹ́ gbéyàwó, kò ní mọ ibi tí káàdì wà mọ́. Káàdì tó ń mú iṣẹ́ wá ni èyí tó bá wà lọ́wọ́ àwọn tí olóde máa ń kọ́kọ́ bi pé, "Ta lẹ mọ̀ tó lè bá wa ya fọ́tò?" Alága ìdúró àti alága ìjókòó. Obìnrin tó ń se oúnjẹ. Télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí, ẹni tó ń ṣe kéèkì, ẹni tó ni gbọ̀ngàn, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkọ àti ìyàwó máa ń lọ bá kí wọ́n tó mú ọjọ́. Àwọn wọ̀nyí ti máa ń gbọ́ nípa ìnáwó tipẹ́tipẹ́ kó tó dé etígbọ̀ọ́ rẹ. Má fún wọn ní ẹyọ kan. Ẹyọ kan, wọ́n á pa á mọ́ fún ara wọn. Fún wọn ní bíi márùn-ún, kí wọ́n lè rí fún ẹni tó bá bi wọ́n.

Ọ̀nà tí o máa gbà fún wọn náà ṣe pàtàkì. Alága ìjókòó kan wà tó ti gbé iṣẹ́ fún mi ní Adó, ní Ìyìn àti ní Ìgèdè ju ohun tí gbogbo ìpolówó mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé wá lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé lóde, mi ò fún un ní káàdì rárá. Mo ya òun fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń ní kí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Mo tún àwọn àwòrán náà ṣe, mo fi ránṣẹ́ sí i, mi ò gba kọ́bọ̀. Ó fi wọ́n polówó iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí a tún pàdé ni mo tó kó káàdì fún un, ó sì fi wọ́n sínú àpò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀ tó ń kó káàdì olóúnjẹ, ti onílù àti ti ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn sí. Inú àpò yẹn ni kí o máa lé, àbúrò.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé o. Ọmọ EKSU, ọmọ FUOYE ní Ọ̀yẹ́, ọmọ Afẹ́ Babalọlá tó fẹ́ ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, orí Instagram ló ti máa rí ọ. Àwọn tó fẹ́ lọ ya fọ́tò ṣáájú ìgbéyàwó níbi omi gbígbóná Ìkògosì tàbí níbi omi Àrìnta tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Má fi káàdì dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n Èkìtì ni o wà. Ẹni tó ń san owó ìsìnkú, tó ń san owó ìwúyè, tó ń san owó ọgọ́rin ọdún bàbá, àgbàlagbà ni lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù kékeré ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nǹkan tí wọ́n lè dì mú ni wọ́n fẹ́.

Níbi ìsìnkú kan ní Ìkẹ́rẹ́, mo ya màmá kan tó jẹ́ àbúrò olóògbé. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá. Nígbà tí mo fi àwòrán náà hàn wọ́n lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, báwo ni mo ṣe máa rí i gbà?" Wọn ò ní WhatsApp. Mo kọ nọ́ńbà tí kámẹ́rà fún àwòrán náà sẹ́yìn káàdì mi, mo kọ déètì òde sí i, mo fà á lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n tú kókó etí ìró wọn, wọ́n fi káàdì mọ́ owó tó wà níbẹ̀, wọ́n tún un so. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ẹni tó wá pè ni ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Kánádà. Ó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì fún mi lórí fóònù, mo wá fáìlì, mo tẹ fọ́tò ńlá onífírémù, mo gbé e lọ bá màmá nílé. Láti ìgbà náà, kò sí ìnáwó kan nínú ẹbí yẹn tí wọn kì í pè mí sí.

Nítorí náà, ẹ̀yìn káàdì ayafọ́tò gbọ́dọ̀ ṣe é kọ nǹkan sí. Bí atẹ̀wé bá bi ọ́ irú lamínéṣọ̀n tí o fẹ́, ìyẹn rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú páálí, yálà èyí tó ń dán ni o tàbí èyí tí kò dán, rọ́bà ni méjèèjì, bírò kì í mú lára wọn dáadáa. Ní kó fi sí ojú kan péré. Wàhálà kan wà níbẹ̀: páálí tí wọ́n bá fi lamínéṣọ̀n sí ojú kan máa ń fẹ́ ká kò bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, pàápàá tó bá fẹ́lẹ́. Gíráàmù ni wọ́n fi ń mọ bí páálí ṣe nípọn tó, 300 sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ. Bèèrè bí 350 bá wà, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí 350 ò bá sí, fi lamínéṣọ̀n sílẹ̀ pátápátá, kí o mú páálí tí kò dán ní ojú méjèèjì. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, kò sì wọ́n.

Ìwọ̀n tí àwọn atẹ̀wé wa ń lò jù ni ínṣì 3.5 sí ínṣì 2. Má jẹ́ kí dísáínà kankan tàn ọ́ lọ sí onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba tàbí èyí tó gùn gbọọrọ. Káàdì ATM jẹ́ mílímítà 85.6 sí 54, ihò rẹ̀ ló wà nínú pọ́ọ̀sì gbogbo èèyàn, ohun tí kò bá wọ ihò yẹn, ilẹ̀ ló ń lọ. Kí dísáínà fi mílímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí àwọ̀ lè kọjá ibi tí ọ̀bẹ máa gé, kó má ba fi etí funfun sílẹ̀.

Ohun tó máa wà lórí ẹ̀ kò pọ̀: orúkọ, iṣẹ́, ìlú, nọ́ńbà fóònù kan tàbí méjì, Instagram kan. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lórí NIN tìrẹ, kó má ba bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́la. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán lo fi sílẹ̀ ní CAC, má kọ Limited sí i. Bí o bá fẹ́ fi QR sí i, ìyẹn àmì onígun mẹ́rin tí èèyàn ń fi kámẹ́rà fóònù ṣí, lo èyí tó ń tọ́ka tààrà sí WhatsApp rẹ: wa.me/234, kí o wá fi nọ́ńbà rẹ tẹ̀ lé e, kí o yọ òdo àkọ́kọ́ kúrò. Àwọn ìkànnì kan máa ń ṣe QR tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Tí àkókò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ bá parí, gbogbo káàdì tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn á kú lójijì. Kí QR náà má kéré sí sẹ̀ǹtímítà méjì, kí àyè funfun sì yí i ká.

Àwòrán ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni káàdì yẹn, fi àwòrán kan péré tó dára jù síwájú rẹ̀, má to mẹ́fà wẹ́wẹ́ sí i. Gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu ẹni tó wà nínú àwòrán. Kí o sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i ju bó ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà jáde, páálí ò ní ìmọ́lẹ̀ kankan, àwọ̀ RGB tí kámẹ́rà ń lò sì máa ń rọlẹ̀ tó bá di CMYK ti ìtẹ̀wé. Ojú àwa èèyàn dúdú ló máa ń jìyà rẹ̀ jù: ẹni tó ń dán lórí fóònù á di òjìji lórí káàdì. Bákan náà, má fi dúdú kun gbogbo ojú káàdì tó bá jẹ́ ẹ̀rọ DI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ iṣẹ́ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà, lo fẹ́ lò, torí ibi tí wọ́n bá ti gé e máa ń bó, funfun á máa yọ létí.

Ó kù sí ibi tí o ti máa tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, má kúrò ní Adó. Wá ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ DI ní Òkèsà, Ìjìgbó tàbí Ajílòsun, kí o tẹ 100. Ẹ̀rọ yẹn kò nílò pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà wọ́n lè tẹ ìwọ̀nba fún ọ, o sì lè dúró tì wọ́n. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ayafọ́tò kì í lò: níwọ̀n bí kò ti sí pléètì, o lè ní kí wọ́n fi àwòrán mẹ́rin tó yàtọ̀ síra sórí 100 yẹn, 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ń fún èèyàn, jẹ́ kó mú èyí tó wù ú. Káàdì tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mú, kì í sọ ọ́ nù.

Ṣómólú ní Èkó ni gbogbo èèyàn máa sọ fún ọ, òtítọ́ sì ni wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ ni ojúlé ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lo pléètì ló mú kí tiwọn dínwó, pléètì mẹ́rin fún àwọ̀ mẹ́rin, owó pléètì yẹn kì í yàtọ̀ bóyá 100 lo tẹ̀ tàbí 1,000. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ kí o tẹ 1,000. Lọ síbẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà rẹ, orúkọ òwò rẹ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ bá ti fìdí múlẹ̀, tí 100 àkọ́kọ́ sì ti tán lọ́wọ́ rẹ. Fi owó ọkọ̀ kún un, tàbí owó wébíìlì tí wọ́n bá máa gbé e fún dírẹ́bà wá sí gáréèjì ní Adó, kí o tó sọ pé ó dínwó.

Kí o sì ṣọ́ra fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi. Ilé ìtẹ̀wé kan lọ́hùn-ún, tí mi ò ní dárúkọ, gba fáìlì mi tó pé pérépéré. Fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí mo lò, ò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, ni wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ̀ fúnra wọn láìsọ fún mi. Ẹgbẹ̀rún káàdì dé Adó pẹ̀lú nọ́ńbà tí òǹkà kan ti fò, gbogbo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ sì ti lọ. Wọn ò dá owó padà, wọn ò sì tún un tẹ̀. Ó dùn mí wọra. Láti ìgbà yẹn, dísáínà mi gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di curves nínú CorelDRAW, ìyẹn ni pé kó di àwòrán, kó má jẹ́ lẹ́tà mọ́, kó tó ṣe é ní PDF, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un tẹ̀. Mi ò sì ń san owó tán kí n tó rí ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ sórí páálí tí a jọ sọ. Bí wọ́n bá jìnnà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ nínú oòrùn, níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Tí o bá fẹ́ gba káàdì rẹ, má wo ti òkè ìdì nìkan, torí ibi ìgé máa ń yẹ̀ bí ìdì bá ṣe ń nípọn sí i. Fa mélòó kan yọ láti àárín àti láti ìsàlẹ̀, gbé wọn léra, wò ó bóyá etí wọn bára mu. Fi bírò kọ nǹkan sẹ́yìn ọ̀kan, fi àtàǹpàkò nù ún. Gba fóònù ẹlòmíì nínú ṣọ́ọ̀bù, kí o ṣí QR pẹ̀lú ẹ̀, kí o tẹ nọ́ńbà tó wà lórí káàdì bó ṣe wà gan-an, kí fóònù rẹ dún nínú àpò rẹ kí o tó san èyí tó kù.