Wọ́n dárúkọ mi, àbí wọ́n yàn mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Ní mítìn-ìn lánlọ́ọ̀dù wa ní Ìdí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta níbí, ẹnì kan dìde ó ní òun nominate mi fún sẹ́kítírì, ẹlòmíì sẹ́kọ́ǹdì ẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo délé mo sọ fún Ìyá Ìbejì ló bá pa adìẹ. Àfi bí alága ṣe ní mi ò tíì di nǹkan kan, ó di ìgbà tí wọ́n bá dìbò. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ibo lòyìnbó ti rí i? Bàbá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Adìẹ tẹ́ ẹ ti jẹ ò ṣòfò, àmọ́ òótọ́ lalága yín sọ. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú nominate, nomen ni ìyá ẹ̀, nomen yẹn ò sì ju orúkọ lọ, ìyẹn ni pé kéèyàn dárúkọ ẹnì kan, ó tán. (Noun tí tíṣà fi nà wá ní púráímárì, nomen kan náà ni, ilẹ̀ Faransé ló kàn gbà kọjá.) Nígbà tó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, pípe nǹkan lórúkọ lásán náà ló ń jẹ́, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá di fífa èèyàn kalẹ̀ fún ipò.

Appoint ní tiẹ̀, ìyẹn kí wọ́n yan èèyàn sípò, ọ̀tọ̀ ni. Ti Faransé àtijọ́ nìyẹn, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ débi tó ti yanjú. Ẹ wo abala 147 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999: Ààrẹ á kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni tó fẹ́ fi ṣe mínísítà ránṣẹ́ sílé aṣòfin àgbà, ìgbà táwọn yẹn bá fọwọ́ sí i ló tó lè yàn án. Kọmíṣánnà náà bẹ́ẹ̀, abala 192, gómìnà Òkè-Mósàn ò kàn lè jí láàárọ̀ kó fi èèyàn síbẹ̀ láìjẹ́ pé orúkọ ẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀.

Ká tiẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ṣebí ọmọ Ẹ̀gbá ni yín, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ìdílé fà kalẹ̀ ò tíì jọba, àwọn afọbajẹ ṣì ń bẹ níwájú, ewé akòko ṣì ń bẹ lórí igi. Ọmọ oyè la máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sì jẹ́ báyìí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá wọlé ìbò, ẹ pa òmíì, kẹ́ ẹ rántí fi itan kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa.