Fóònù ìyá ni kíláàsì wà

Ẹ béèrè pé bí wọ́n bá tún ti ilé ẹ̀kọ́ pa bíi ti ìgbà Kòrónà, kí ni olùkọ́ tí kò ní ju fóònù kan ṣoṣo lọ lè ṣe fún àwọn ọmọ tó ń múra WAEC sílẹ̀. Ẹ ní wọ́n ti sọ fún yín pé Zoom ni, àti pé ọmọ tí kò bá wọlé, ọ̀lẹ ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ má bàa tún fi oṣù kan gbáko ṣòfò bí mo ṣe fi ṣòfò.

Mátíìsì ni mò ń kọ́ àwọn SS3 nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan n'Ìbàdàn, lápá Mọ́níyà. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó kó àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Kó tó di ìparí oṣù Kẹta, ilé ẹ̀kọ́ ti tì káàkiri. Oṣù Kẹrin ló yẹ kí WAEC bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjìlélógójì ló wà lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ti san owó ìdánwò, wọ́n ti ya fọ́tò, àtúnyẹ̀wò la wà.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ká máa ṣe Zoom ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú mẹ́sàn-án yẹn, a ò gbọ́ ohùn àwọn mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ni ọ̀kan jókòó sí. Zoom ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí ìpàdé kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ká tó kí ara wa tán, kí n tó béèrè "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti ku ogún. Dátà ẹgbẹ̀rún náírà tí mo rò pé á gbé mi dé ìparí oṣù, ọjọ́ mẹ́ta péré ló tán. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ márùn-ún ló wá. Mo bínú. Mo kọ ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́ sáwọn òbí pé àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ kàwé, ó sì ń dùn mí títí dòní pé mo kọ ọ́.

Ìyá kan ló là mí lójú. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà ní ọjà Bódìjà, wọn ò sì ti àwọn tó ń ta oúnjẹ. Mo pè é ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ láti fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn. Mò ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń bá a ná owó kóńgò. Ó ní: "Ẹ má bínú, tíṣà. Fóònù tí ẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí náà lẹ ní kó fi kàwé. Òun làwọn oníbàárà fi ń pè mí. Bí mo bá fi sílẹ̀ fún un nílé, kí la máa jẹ lálẹ́?" Mi ò rí èsì fún un. Mo tọrọ àforíjì, mo pa fóònù, mo jókòó.

Ọjọ́ méjì ni mo fi pe ilé méjìlélógójì. Mo fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ́jísítà: ta ló ni fóònù, ìgbà wo ló máa ń wà nílé, ta ló máa ń ṣí ọ̀rọ̀ tó bá wọlé. Ọmọ mọ́kànlá ló ń lo fóònù tirẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n tó wà nílé. Mẹ́rìnlélógún ń lo ti ìyá tàbí ti bàbá, tó máa ń bá ẹni tó ni ín jáde láàárọ̀. Ilé méje kò ní ju fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lọ. Ìlà kẹta yẹn, mi ò kọ ohun púpọ̀ sínú rẹ̀. Mo rò pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

N'Ìbàdàn nígbà yẹn, aago méje alẹ́ ni kónílé-ó-gbélé ń bẹ̀rẹ̀, ó di aago mẹ́fà àárọ̀. Ìyá tó bá lọ sọ́jà ti gbọ́dọ̀ wà nílé kó tó di aago méje, fóònù náà sì ti bá a wọlé. Bí mo ṣe rí i báyìí, mo gbé kíláàsì kúrò ní àárọ̀, mo fi sí aago mẹ́jọ alẹ́, mo sì fi Zoom sílẹ̀ pátápátá, mo bọ́ sórí WhatsApp. Bó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré ni ọmọ lè rí fóònù gbà lálẹ́, ẹ̀kọ́ mi gbọ́dọ̀ gba inú ogún ìṣẹ́jú yẹn.

Mo fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń gba ohùn sílẹ̀, kí àdúgbò tó jí. Màá kọ ìṣirò kan ṣoṣo sórí ilẹ̀kùn náà, màá fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, màá ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ṣe fọ́ìsì, ìyẹn ohùn tí mo gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kì í kọjá bẹ́ẹ̀. "Ẹ wo ìlà kejì. Mo ti gbé 12 kọjá sí òdìkejì. Kí ló dé tí àmì rẹ̀ fi yí padà? Ẹ dá mi dúró níbí. Ẹ kọ èsì yín sílẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ." Ẹ má ṣe fọ́ìsì tí kò sọ ibi tí ọmọ máa fojú sí. Ohùn tí kò bá tọ́ka sí nǹkan kan lórí ìwé, etí kan ló ń gbà wọlé, á gba èkejì jáde.

Fọ́ìsì ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tó megabáìtì kan, nígbà tí wákàtí kan lórí Zoom lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ṣùgbọ́n ti dátà nìkan kọ́. Ọmọ lè tún un gbọ́. Nínú kíláàsì gidi, ọmọ tí nǹkan kò yé kì í fẹ́ nawọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ojú á máa tì í. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lòun gbọ́ èyí tí mo ṣe lórí bearing, ìyẹn fífi igun sọ apá ibi tí nǹkan wà, kó tó yé òun. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi jókòó níwájú mi, mi ò mọ̀ pé kò yé e.

Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé, mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ àwọn nǹkan tí WAEC máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n. Mi ò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kàn rí i pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn nígbà tó jẹ́ pé inú ilé wọn ni mò ń sọ̀rọ̀ sí. Àwọn ìyá ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà lọ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun náà ti mọ̀ ọ́n báyìí, pé ohun tó bá ti kọjá sí òdìkejì, àmì rẹ̀ á yí. Ó ní òun ló ń rán ọmọ létí.

Ẹ kíyè sí èyí náà: broadcast WhatsApp, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìdá gúrúpù, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ mi. Gúrúpù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tì í kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ lè kọ̀wé síbẹ̀, títí di aago mẹ́sàn-án tí ẹ máa ṣí i fún ìbéèrè. Bí ẹ ò bá tì í, àdúrà òwúrọ̀ àti àgbo Kòrónà á bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n á wo iṣẹ́ ara wọn kọ, ìyẹn dájú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fún wọn, àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fi èsì ránṣẹ́, àṣìṣe kan náà sì wà ní ìlà kan náà nínú mẹ́rìndínlógún. Mi ò bá wọn jà. Mo fún kálukú ní ìṣirò tirẹ̀ láti ara nọ́ńbà rẹ́jísítà rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, mo ní kí wọ́n yanjú x² + (n + 1)x + n = 0, kí oníkálukú fi nọ́ńbà rẹ̀ sí ipò n. Ti nọ́ńbà 17 á di x² + 18x + 17 = 0, èsì rẹ̀ ni −1 àti −17. Ti nọ́ńbà 30, −1 àti −30. Kò sí nọ́ńbà tí kò ní rí èsì tó gún, èmi tí mò ń máàkì sì ti mọ èsì kí n tó ṣí fọ́tò. Wọ́n lè pe ara wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é nìkan ni wọ́n lè fún ara wọn.

Àwọn ilé méje tó kù, ìwé ni. Mo máa ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí ojú ewé méjì, màá ṣe fótókọ́pì rẹ̀, màá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì kan ní oríta tí gbogbo wọn ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n á dá ti tẹ́lẹ̀ padà, wọ́n á gba tuntun. Bí ìbéèrè bá wà, wọ́n á fíláàṣì mi, èmi á pè wọ́n padà. Ẹ má fojú kéré ìwé. L'Ọ́ṣun ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ pín Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ alágbèéká, fáwọn ọmọ girama, ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀, kò béèrè dátà lọ́wọ́ ọmọ. Lápá Ògùn, ìjọba gbé ètò ẹ̀kọ́ Ogun DigiClass sórí OGTV, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà, lásìkò Kòrónà, ó ran àwọn tó ní iná lọ́wọ́. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kì í dúró de ọmọ tí wọ́n mú iná ilé rẹ̀ lọ.

Ní ti owó, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹfà, ilé ẹ̀kọ́ náà kò san kọ́bọ̀ fún wa. Ọṣẹ olómi ni mo ń pò tà, òun ni mo fi ń ra dátà. Mo fi ìtìjú bò ó mọ́ra títí di oṣù Karùn-ún, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo là á mọ́lẹ̀ fáwọn òbí, àwọn tó lágbára ń fi igba náírà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbé kóńgò méjì ránṣẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, a kì í sì í rí ojú lórí WhatsApp. Nítorí náà, mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀ lóròòru láti wo orúkọ àwọn tó ti kà á. Ọmọ tí kò bá ṣí i fún ọjọ́ mẹ́ta, màá wá a lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé l'Ójòó ni mo ti bá ọ̀kan, ó ń ṣe lébìrà, sìmẹ́ńtì bo irun rẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá bíríkìlà rẹ̀ pé kó jẹ́ kó máa lọ sílé ní aago mẹ́rin. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní òun náà ní ọmọ ní SS3.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ kí SS3 wọlé padà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìròyìn dé láti Àbújá pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kò ní kópa nínú WAEC ọdún náà. Ọkàn àwọn ọmọ mi dà rú, wọ́n rò pé tiwọn náà ti tán. Kò pẹ́ tí wọ́n yí i padà, WAEC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ. Nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín, mo rí ohun tí fọ́ìsì kò lè ṣe. Algebra ti yé wọn ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó lè di kọ́ńpáàsì mú dáadáa kò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ìlà ń wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni construction, ìyẹn fífi kọ́ńpáàsì àti rúlà ya àwòrán, àfi kí èèyàn dúró ti ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe é. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ilẹ̀kùn tó tì.

Lóṣù Kọkànlá tí èsì jáde, ìdá 65.24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣe ìdánwò náà ló ní kirẹ́dítì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti mátíìsì. Nínú àwọn tèmi, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní kirẹ́dítì mátíìsì. Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gba B3.

Ẹni mọ́kànlélógójì ló kọ ọ́. Nọ́ńbà 23 ni ẹni kejìlélógójì, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fóònù àbúrò bàbá rẹ̀ ni wọ́n fún mi. Lálaalẹ́ ni orúkọ yẹn wà lára àwọn tó ti ka ọ̀rọ̀ mi, nígbà míì èsì á wá: "OK ma." Mò ń máàkì rẹ́jísítà pé ó wà. Ìgbà tí a wọlé lóṣù Keje ni mo tó mọ̀ pé àbúrò bàbá náà ló ń ṣí i, òun ló ń dáhùn. Láti oṣù Kẹrin ni wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó ń bá ẹnì kan tọ́jú ọmọ. Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní wọ́n ti kó kúrò nílé yẹn.

Káàdì ìdánwò rẹ̀, tó ní fọ́tò rẹ̀ lára, ṣì wà lọ́wọ́ mi, inú rẹ́jísítà ọdún náà ni mo fi í sí. Ìlà kẹta tí mo fà sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 23, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.