Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ilé Tó Ń Ta Sánsán Kọ́ Ni Ilé Tó Mọ́

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ìmọ́tótó ilé lóṣù yìí pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ: a ń fọ ilé, ilé ń ta sánsán, síbẹ̀ ara àwọn ará ilé kò le. Òórùn kọ́ la fi ń mọ ilé tó mọ́. Ohun tí a kọ́kọ́ lò, ohun tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tí a bù, àti bóyá ibẹ̀ gbẹ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tán, ìyẹn ló ń sọ bóyá kòkòrò àrùn kú tàbí ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojoojúmọ́ ni mò ń da bílíìṣì sílẹ̀ ilé ìdáná àti balùwẹ̀, síbẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru kò yéé ṣe àwọn ọmọ mi. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó jọ pé ẹ ń fi bílíìṣì ṣe iṣẹ́ ọṣẹ. Kòkòrò ni bílíìṣì ń pa, kì í wẹ ìdọ̀tí kúrò. Tó bá bá ọ̀rá tàbí èérún oúnjẹ nílẹ̀, ara ìwọ̀nyẹn ni agbára rẹ̀ máa tán sí kó tó kan kòkòrò kankan. Ọṣẹ àti omi ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ tó wá fi bílíìṣì tí ẹ ti bu omi là nù ún.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ wo ara ike rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, mílílítà 20 ló tó fún omi lítà 1, ìyẹn ṣíbí tíì 4. Bó bá jẹ́ ìdá 3.5, ẹ bu bíi mílílítà 30. Omi tútù ni kí ẹ lò, torí omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi nu ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Ẹni tó fi sí i tó sì nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀ kàn fi bílíìṣì ṣòfò ni. Ibi tí oúnjẹ máa ń kàn, ẹ fi omi mímọ́ ṣan án lẹ́yìn náà. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ọ̀tunla. Láàárín wákàtí 24 ni kí ẹ lò ó tán. Ike tó ti pẹ́ nílé, tàbí tó ń wà nínú oòrùn, kì í lágbára tó bí ìwé ara rẹ̀ ṣe sọ mọ́.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì ju ilẹ̀ lọ o, mà. Ilẹ̀ kọ́ ni àwọn ọmọ fi ń jẹun, ọwọ́ ni. Ẹ gbé àfiyèsí yín sí ohun tí gbogbo ọwọ́ ń dì mú: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi, ibi tí wọ́n ti ń fa omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọwọ́ fìríìjì, fóònù. Ọwọ́ fúnra rẹ̀, ọṣẹ àti omi ni, kí wọ́n fi ha àárín ìka àti abẹ́ èékánná fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ yẹ ohun tí ẹ ń pọn omi mímu sí wò pẹ̀lú. Ó yẹ kó ní ìdérí, kí ẹnikẹ́ni má sì ki ife tàbí ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹ máa dà á jáde ló dára jù. Bí ìgbẹ́ gbuuru náà kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Ọkọ mi ní kí n da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó lè lágbára sí i. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láéláé. Ásíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun náà ló sì wà nínú fínígà. Tí ásíìdì bá pàdé bílíìṣì, afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní klórínì á jáde, èyí tó ń jó ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó bá ní amóníà nínú, bíi àwọn oògùn ìnugíláàsì kan, náà ń mú afẹ́fẹ́ olóró mìíràn jáde tó bá kan bílíìṣì. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní amóníà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀.

Ẹ lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ṣan án kúrò pátápátá kí ẹ tó lo èkejì. Bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró nu nǹkan kan. Ẹ jáde síta, ẹ kó àwọn ọmọ dání, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń há tàbí tó ń wúkọ́ láìdáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ má sì bu bílíìṣì sínú ìgò ohun mímu. Ọmọdé ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi.

Ìgbà wo ló yẹ ká pààrọ̀ kànrìnkàn tí a fi ń fọ abọ́? Tiwa ti ń rùn.

Èyí tó ti ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù lónìí. Inú kànrìnkàn tutù, èérún oúnjẹ wà níbẹ̀, ihò rẹ̀ ò lóǹkà: kò sí ohun tí kòkòrò ń wá tí kò sí níbẹ̀. Ẹ lè bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 5, èyí á dín kòkòrò kù, àmọ́ wọn á tún pọ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ gidi ni pé kí ẹ fún un dáadáa lẹ́yìn ìlò, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti lè gbẹ ẹ́, kì í ṣe nínú abọ́ omi ọṣẹ di ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi ń nu abọ́, ojoojúmọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó tiẹ̀ sàn kí ẹ da abọ́ dojú bolẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Pátákó tí ẹ fi ń gé ẹran tútù, kó má jẹ́ òun lẹ máa fi gé ohun tí ẹ ò ní sè. Tí ojú ọ̀bẹ bá ti gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ débi pé ọṣẹ ò dé inú rẹ̀ mọ́, ó ti tó ohun à ń sọ nù.

Ọmọ mi ní ikọ́ fée. Gbogbo ìgbà tí a bá gbálẹ̀ ni ikọ́ náà ń dé. Ṣé ká má gbálẹ̀ mọ́ ni? (Bàbá ọmọ)

Ẹ máa gbá a, sà, bí ẹ ṣe ń gbá a ló yẹ kó yí padà. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ń gbé eruku tó kéré jù lọ sókè, á sì wà nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó balẹ̀. Ẹ mú ọmọ kúrò ní yàrá, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sómi tí ẹ sì ti fún nu orí àga àti tábìlì, ẹ wá nu ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Òkè lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó bá bọ́ láti òkè, ilẹ̀ náà ló ń balẹ̀ sí. Kí ọmọ má padà wọlé títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ tí eruku á sì rọlẹ̀.

Àmọ́ bí ikọ́ náà bá tún ń dé lóru, ibùsùn ni kí ẹ fura sí. Kòkòrò kan wà tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, inú fóòmù àti ìrọ̀rí ló ń gbé, awọ ara tó ń sí lára wa ló ń jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń dá ikọ́ yìí sílẹ̀. Ẹ máa fọ aṣọ ibùsùn àti àpò ìrọ̀rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn èyí tí ọwọ́ ò lè gbà, nítorí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kì í pa á. Àpò onísíìpù tó bo fóòmù látòkè délẹ̀ wúlò gan-an. Ohun ìṣeré oníwùú, ẹ fi sínú fìrísà fún wákàtí 24 kí kòkòrò náà kú, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ kí ìgbẹ́ wọn lè kúrò. Fífọ̀ náà ṣe pàtàkì bíi dídì.

Ẹ má fín oògùn aáyán tàbí òórùn dídùn sí yàrá ọmọ náà. Kò sì sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí tó rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún un.

Nǹkan dúdú ń hù lára ògiri balùwẹ̀ wa. A ń nù ún, ó tún ń padà wá.

Yóò máa padà wá níwọ̀n ìgbà tí ògiri náà bá ń tutù. Ìbátan olú ni, omi ló sì ń jẹ́ kó hù. Ẹ wá ibi tí omi ti ń jò, ẹ tún un ṣe. Ẹ máa ṣí fèrèsé tàbí tan fáànù lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì gbọn omi kúrò lára ògiri. Ohunkóhun tí omi bá rẹ nínú ilé, ẹ gbìyànjú kó gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Èyí tó ti hù, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Kíkùn ún lọ́dà láìfọ̀ ọ́ kò ràn án rárá.

Ọmọ wa kan bì sílẹ̀ yàrá lóru. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ẹni mẹ́ta míì ti ń bì. Báwo ló ṣe yẹ ká nu èébì?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí ó ṣe tètè ràn yìí jọ ìṣe kòkòrò tí wọ́n ń pè ní norovirus. Díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ ti tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀, tí ènìyàn bá sì bì, ẹ̀kán tí ojú ò rí máa ń ta jìnnà sí ibi tí èébì wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn: ojú ibi tí wọ́n rí nìkan ni wọ́n ń nù.

Ẹ kó àwọn yòókù jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ẹ fi pépà tàbí àkísà tí ẹ máa sọ nù bo èébì náà kó fà á, kí ẹ wá kó o láti etí wá sí àárín, kó má bàa tàn kálẹ̀. Inú ọ̀rá méjì ni kí ẹ dì í sí. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ àti omi, dé bíi mítà 2 yí ibẹ̀ ká, títí kan ẹsẹ̀ àga àti ìsàlẹ̀ ògiri. Bílíìṣì ló gbẹ̀yìn, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ torí kòkòrò yìí kì í tètè kú: mílílítà 100 nínú omi lítà 1, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó ṣan án. Táìsì àti sìmẹ́ǹtì lẹ lè lò ó fún. Ó máa ń ba aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ìwọ̀nyẹn.

Aṣọ tí èébì kàn, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́. Oògùn ìfọwọ́ ọlọ́tí kò fi bẹ́ẹ̀ ran kòkòrò yìí. Ẹ máa fún àwọn tó ń ṣàìsàn ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n léraléra, kí ẹ sì gbé ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti jìn tàbí tí kò tọ̀ mọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Kòkòrò náà ṣì ń jáde nínú ìgbẹ́ lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Ẹni tó máa ń dáná fún yín, tó bá wà lára àwọn tó bì, kó má wọ ilé ìdáná títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá dáwọ́ dúró.