Ebè Abẹ́ Koríko: Kí Ni Furlong Túmọ̀ Sí?

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Leicestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló béèrè pé: "Tí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń rí pápá àgùntàn tí ilẹ̀ rẹ̀ rí kúbúkúbú, bí ebè tí koríko bò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dáko níbẹ̀. Ẹnìkan ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ furlong ti wá. Ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ebè gan-an lẹ rí. Ridge and furrow ni wọ́n ń pè é: ridge ni ebè, furrow ni poro. Furlong sì ni gígùn poro kan. Inú Bíbélì King James ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ní Lúùkù 24:13, níbi tí Ẹ́máọ́sì ti jìnnà sí Jerúsálẹ́mù ní furlong 60. Ìwọ̀n àwọn Gíríìkì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn atúmọ̀ èdè ló fi poro oko ìlú wọn rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ wọn ò fi ọkọ́ kọ ebè wọ̀nyí o. Láàárín ọdún 1000 sí 1500, akọ màlúù ló ń fa ohun ìtúlẹ̀ wọn, ó lè tó mẹ́jọ lábẹ́ àjàgà. Apá ọ̀tún nìkan ni pákó ara ohun ìtúlẹ̀ náà ń da ilẹ̀ sí. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ á máa wọ́ sí àárín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún, àárín di òkè, ẹ̀gbẹ́ di poro, poro yìí ló sì ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ amọ̀ wọn tí kì í tètè gbẹ. Màlúù mẹ́jọ ò lè ṣẹ́rí padà lójú kan, nítorí náà wọ́n ti ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé ìpẹ̀kun. Ìdí nìyí tí ebè àtijọ́ fi máa ń wọ́ bíi lẹ́tà S tí wọ́n kọ sódì. Èyí tó bá tín-ínrín tó sì gún gbọọrọ, ó ṣeé ṣe kó má ju 200 ọdún lọ.

Furlong kan jẹ́ yáàdì 220, bíi mítà 201. Ẹ fi yáàdì 22 ṣe ìbú rẹ̀, ó di éékà kan, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n kà sí iṣẹ́ òòjọ́ fún màlúù. Éékà tí àwọn onílẹ̀ fi ń bá wa dúnàádúrà n'Íbàdàn, òógùn màlúù Òyìnbó ló wà nínú rẹ̀! Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ebè làwọn bàbá tiwa náà fi ń ka iṣẹ́ oko; ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún tó pè é ní igba, ẹ mọ ibi tí òwe yẹn parí sí. Nígbà tí òfin wọn tún máìlì ṣe ní 1593, máìlì ni wọ́n fà gùn dé ẹsẹ̀ bàtà 5,280 kí furlong mẹ́jọ lè wọ inú rẹ̀ géérégé. Wọn ò fọwọ́ kan poro, torí òun ni wọ́n ti fi wọn ilẹ̀ onílẹ̀ káàkiri.

Ohun tó pa ebè náà mọ́ ni àgùntàn. Àjàkálẹ̀ àrùn 1348 sí 1349 pa èèyàn púpọ̀, òṣìṣẹ́ oko wọ́n, irun àgùntàn sì ń pa owó wọlé. Àwọn olówó ilẹ̀ bá sọ oko di pápá. Nígbà tó yá, òfin ilé aṣòfin fún wọn láṣẹ láti fi ọgbà yí ilẹ̀ tí gbogbo abúlé jọ ń lò ká. Koríko bo ebè, kò sẹ́ni tó tún tú u. Katakata ló wá tẹ́ èyí tó pọ̀ jù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì.

Ẹ wò ó nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, òjìji á fi gbogbo rẹ̀ hàn. Tí ọgbà bá gba orí ebè kọjá, ebè lẹ̀gbọ́n, ọgbà làbúrò. Tí ẹ bá sì ráyè, ẹ dé Laxton ní Nottinghamshire, kò jìnnà sí yín. Wọ́n ṣì ń dáko ní ìlànà àtijọ́ níbẹ̀, oko ńlá mẹ́ta, ọ̀kan ń sinmi. Ní ìparí oṣù kọkànlá, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn máa ń yẹ ààlà wò, ẹni tó bá sì túlẹ̀ kọjá tirẹ̀, owó ìtanràn ni.