Ẹ má tíì torí "bàbá" pe ará Ṣáínà ní mọ̀lẹ́bí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá àwa àtàwọn ará Ṣáínà bára tan, torí pé "bàbá" ni àwọn náà ń pe bàbá wọn, ojú èmi náà ti rí i rí. Odidi ọdún méjì ni mo fi kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ó tó ogójì. "Bàbá" ló ṣíwájú: Yorùbá, Ṣáínà, Tọ́kì, Sùwàhílì. Mo gbé e lọ bá olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè dunjú. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní kí n lọ wo ohun tí wọ́n ń pe bàbá ní Jọ́jíà, èyí tó múlé gbe Rọ́ṣíà. "Mama" ni! "Deda" sì ni ìyá. Ní Rọ́ṣíà fúnra ẹ̀, obìnrin ni "baba". Ní Jàpáànì, ìyá arúgbó ni. Lọ́dún 1960 ni Roman Jakobson, onímọ̀ èdè kan, ti kọ ọ́ pé ba, ma, pa ló tètè ń rọ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Àgbà tó bá wà nítòsí á ní òun lọmọ ń pè.

"Arigatō", tí àwọn ará Jàpáànì fi ń dúpẹ́, ló dójú tì mí jù. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé inú "obrigado" tí àwọn Potogí fi ń dúpẹ́ ló ti wá. Ọdún 1543 ni Potogí dé Jàpáànì, bẹ́ẹ̀ Sei Shōnagon, òǹkọ̀wé obìnrin kan níbẹ̀, ti kọ "arigataki" sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1000, ó fi ń pe ohun tó ṣọ̀wọ́n. "Ari" ni kí nǹkan wà, "katashi" ni kó ṣòro. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí lóòótọ́, àmọ́ ta ló fi sin ẹ̀lírí rí? "Pan" tí àwọn ará Jàpáànì ń pe búrẹ́dì ní tiẹ̀, Potogí ló gbé e dé, bí "àdúrà" tiwa ṣe gba ọ̀dọ̀ Haúsá wá láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá.

Ẹ tún gbọ́ ti Mbabaram, èdè àwọn onílẹ̀ kan ní Ọsirélíà. "Dog" ni wọ́n ń pe ajá nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ ọ́! Nígbà tí Dixon, onímọ̀ èdè kan, béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó gbọ́ èdè náà, ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá náà ń sọ fún òun. "Gudaga" ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ ló já dànù. "Docga" ni ti Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, wọn ò bára tan rárá.

Nínú ogójì tí mo kó jọ, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, àyálò sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.