Fóònù tèmi gan-an ló ń ba òfin jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú ilé tí àwọn ọmọ ò ní máa gbé fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é bí mo ṣe ṣe é o. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ kan, mo bá kéde pé àfi pálọ̀ nìkan, kò gbọdọ̀ sí wíwò níbòmíì mọ́ nínú ilé yìí. Ọjọ́ kẹta ni mo bá àbíkẹ́yìn mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù mi, mo jágbe mọ́ ọn, ó ní "Mọ́mì, tiyín ńkọ́?" Èkejì wà lọ́wọ́ mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹnu mi wọhò.

Ọmọ ọdún 3 ni o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 ò yẹ kó wò ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́, tiwa ń lọ bíi 4, èmi náà ni mo sì máa ń gbé e fún un kí n lè ráyè.

Ìgbà tí mo tún un bẹ̀rẹ̀, ìdí tábìlì oúnjẹ nìkan ni mo mú. Gbogbo fóònù wọnú apẹ̀rẹ̀ lórí firíìjì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ti dádì wọn náà, òun ló tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu jù, tó ní ibiṣẹ́ lè pe òun, mo ní kó jẹ́ kó máa dún níbẹ̀, tí wọ́n bá pè kó dìde lọ gbé e níta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ a kàn ń jẹun bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Lẹ́yìn oṣù kan ni mo tó kan yàrá. Àgbà wọn ní fóònù ló ń jí òun láàárọ̀, mo ra aago aláàmù, àwáwí tán. Pálọ̀ ni gbogbo cháájà wà báyìí, a sì ń kó fóònù síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú oorun. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló ń lé oorun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi fídíò tó ń fà òmíì wọlé fúnra ẹ̀ ló burú jù, ẹ lọ pa autoplay yẹn. Ẹ má gbójú lé pípa Wi-Fi, wọ́n á ti dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀.

Mo tún kó ìwé àti kíréyọ́ọ̀nù sí yàrá kí ọwọ́ wọn má bàa ṣófo. Àgbà ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àbíkẹ́yìn fi kun gbogbo ògiri, mi ò tíì rí nǹkan tó lè nù ún kúrò.